Iye Owó Obì àti Iye Owó Tẹlifóònù: Ọ̀rọ̀ Tí Àwa Olóbì Sọ Níbi Ìfilọ́lẹ̀

  

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ wá sí ìsọ̀ àwa olóbì pé kí á mú ọ̀rọ̀ kan sọ lórí ètò ọrọ̀-ajé níbi ìfilọ́lẹ̀ yìí, ẹ̀rín ni a kọ́kọ́ rín. A ní kí ó lọ bá àwọn tí wọ́n lọ sí yunifásítì. Ó ní àwọn wọ̀nyẹn ti sọ tiwọn rí, àwọn àgbà sì sùn lọ lórí ìjókòó. Báyìí ni iṣẹ́ ṣe já lé wa léjìká. Nítorí náà, ẹ má retí Gẹ̀ẹ́sì ńlá lẹ́nu wa. Ìwé mẹ́fà péré ni ẹni tí ó ń ka ọ̀rọ̀ yìí fún yín kà, ní Sábọ́n Gàrí níbí náà ni. Àwọn ìyókù tí a jọ kọ ọ́ kò sì fi bẹ́ẹ̀ jù ú lọ. Ohun tí a mọ̀ ni obì. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa obìnrin ń kọ́ ìmọ̀ ètò ọrọ̀-ajé ní Yunifásítì Bayero. Bí ó bá wálé ní ìparí ọ̀sẹ̀, á jókòó lórí àpò obì, a ó sì máa bá a jiyàn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Inú iyàn yẹn ni ọ̀rọ̀ òní ti jáde. Ó dá lórí irú ọ̀mọ̀wé kan tí a kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó wà láyé: àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n ro bí a ṣe ń ṣòwò tẹlifóònù, ta ni kí a jẹ́ kí ó wọ ọjà náà, èló ni kí wọ́n máa gbà, àti kí ni kí ìjọba ṣe sí ẹni tí ó bá fẹ́ dá ọjà náà jẹ.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn wá.

Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ ní ìlú yìí mọ bí òwò obì ti rí. Láti Ṣàgámù àti agbègbè rẹ̀ ni a ti ń kó gbànja wá sí Kánò láti ayé àwọn baba wa. Obì kì í ṣe ìrẹsì tí a lè tì mọ́ inú sítóò kí á lọ sùn. Bí ooru bá mú un jù, yóò gbẹ. Bí omi bá pọ̀ lára rẹ̀, yóò jẹrà. Bí a bá fi í sílẹ̀ láìtú u wò, kòkòrò yóò bá wa jẹ èrè. Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo ni èrè obì wà nínú rẹ̀: kí o mọ iye tí wọ́n ń tà á ní Kánò kí o tó rà á ní Ṣàgámù, kí o sì mọ iye ọkọ̀ tí ó wà lójú ọ̀nà kí tìrẹ tó gbéra. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n, ó jẹun. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ó sunkún.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ ọ́n nígbà náà? À ń kọ lẹ́tà fi rán awakọ̀. À ń tẹ wáyà. Àwọn tí ọwọ́ wọn tó ẹnu jù nínú wa ń lọ bẹ ẹni tí ó ní tẹlifóònù nílé, wọn a sì mú nǹkan dání lọ. Ní 1985 ni ìjọba dá NITEL sílẹ̀, nígbà tí wọ́n da apá tẹlifóònù P&T pọ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́ tí ń bójú tó ìpè sí òkè òkun. Ṣùgbọ́n títí di 2001, gbogbo okùn tẹlifóònù tí ó wà ní Nàìjíríà kò ju nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù lọ, àwa ènìyàn sì ti lé ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù. Ẹ bá wa pín in wò.

Ní 1996, àwa mẹ́rin dáwó pọ̀, a kó obì kún ọkọ̀ kan ní Ṣàgámù. Nígbà tí a wọ Kánò ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, ọkọ̀ obì márùn-ún ni a bá lójú ọjà tí wọ́n ti ṣíwájú wa dé. Kò sí ẹni tí ó sọ fún wa, kò sì sí ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni ìbá gbà sọ ọ́. Iye tí a fi rà á ni a kò rí gbà padà, ká má tíì sọ ti owó ọkọ̀. Ọ̀kan nínú àwa mẹ́rin ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ nílé láti fi san gbèsè. Ó wà níjókòó níhìn-ín lónìí. Òun náà ni ó ní kí a sọ ọ́, kí àwọn ọmọdé tí ń fi tẹlifóònù ṣeré lè mọ ohun tí ó wà lọ́wọ́ wọn.

Àjọ tí ń bójú tó òwò tẹlifóònù, tí a ń pè ní NCC, ìjọba ológun ni ó fi òfin dá a sílẹ̀ ní 1992. Ṣùgbọ́n 2001 ni ojú là sí ọ̀rọ̀ náà. Ní oṣù kìíní ọdún yẹn, NCC ta ìwé àṣẹ tẹlifóònù alágbèéká ní gbàǹjo ní Àbújá. Ilé-iṣẹ́ márùn-ún ni ó fẹ́ rà, ìwé àṣẹ mẹ́ta ni ó wà fún wọn, ẹ̀kẹrin jẹ́ ti NITEL. Gbàǹjo tí àwa mọ̀ ni kí ènìyàn pariwo iye tirẹ̀, kí ẹlòmíràn pariwo jù ú lọ. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ń tà ni ó ń pe iye, iye náà sì ń gòkè díẹ̀díẹ̀ bí ọwọ́ aago. Ní ìpele kọ̀ọ̀kan, ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò sọ bóyá òun ṣì wà nínú rẹ̀ tàbí òun ti jáde. Nígbà tí ó bá ku mẹ́ta sí ìwé àṣẹ mẹ́ta, aago dúró, gbogbo wọn yóò sì san iye kan náà. Dọ́là mílíọ̀nù 100 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kẹta, ó ti di 285 mílíọ̀nù. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tí ó borí kò rí owó rẹ̀ san lásìkò, dọ́là mílíọ̀nù 20 tí ó fi ṣe ìdógò sì bá a lọ.

Ọmọ wa fi ìwé kan hàn wá tí Chris Doyle, onímọ̀ ọrọ̀-ajé kan tí ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti ẹnìkejì rẹ̀, Paul McShane, kọ lórí gbàǹjo yìí ní 2003. Wọ́n ní òun ni àkọ́kọ́ irú gbàǹjo bẹ́ẹ̀ tí a fi ta ọ̀nà afẹ́fẹ́ ní gbogbo ayé. Ẹ gbọ́ o, ní gbogbo ayé! Nàìjíríà tiwa yìí. A bi í pé kí ni ó mú kí àwọn ọ̀mọ̀wé máa yọ̀ sí i. Ó ní bí a bá fi ìwé àṣẹ sílẹ̀ fún ẹni tí ó mọ mínísítà, ẹni tí ó mọ mínísítà ni yóò gbà á, yóò sì fi í pamọ́ títí yóò fi rí ẹni tí yóò tà á fún. Ṣùgbọ́n bí owó bá ń gòkè lójú gbogbo ayé, ẹni tí ó dá a lójú pé òun lè fi ṣiṣẹ́ ni yóò dúró. Ìwọ̀nyí kì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Ṣebí bí a ṣe ń pín ìsọ̀ ní ọjà ni, àti ìdí tí ọ̀pọ̀ ìsọ̀ fi wà lọ́wọ́ àwọn tí kò ta nǹkankan nínú wọn.

Wàyí o, nígbà tí MTN àti Econet bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2001, inú wa dùn, ẹ̀rù sì bà wá. Síìmù kan lé ní 20,000 náírà. Ìpè ìṣẹ́jú kan jẹ́ nǹkan bí 50 náírà, bí o bá sì sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún péré, owó ìṣẹ́jú kan gbáko ni wọn yóò yọ. Nígbà tí ariwo pọ̀, àlàyé tí a ń gbọ́ ni pé owó tí wọ́n fi ra ìwé àṣẹ pọ̀, pé dandan ni kí wọ́n gbà á padà lọ́wọ́ wa. Àwa náà gbà á gbọ́. A ní òótọ́ ni, ẹni tí ó ra ọjà wọ́n ni yóò tà á wọ́n.

Ibí ni ọmọ náà ti fi ọ̀rọ̀ mú wa. Ó ní, "Bàbá, nígbà tí ẹ kó obì 1996 dé Kánò, ṣé iye tí ẹ fi rà á ní Ṣàgámù ni ẹ fi tà á?" A ní rárá. Ó ní kí ló dé? A ní nítorí pé ọkọ̀ márùn-ún mìíràn wà lójú ọjà. Ó ní, "Nígbà tí ọkọ̀ yín bá wá dá nìkan dé ńkọ́, tí ẹ sì rà á ní pọ́ọ́kú, ṣé ẹ máa ń tà á ní pọ́ọ́kú?" A wo ojú ara wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín, gbogbo yín ni ẹ ń ṣe é.

Ó ní ohun tí àwọn onímọ̀ yìí ń sọ nìyẹn. Owó tí ó ti lọ ti lọ. Kì í ṣe òun ni ó ń dá iye tí a ó tà. Iye tí oníbàárà lè san àti iye ẹni tí ń ta ohun kan náà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ ni ó ń dá a. Ẹ̀rí rẹ̀ kò jìnnà. Ní 2002, NCC fún Globacom ní ìwé àṣẹ ilé-iṣẹ́ kejì fún gbogbo orílẹ̀-èdè, òun náà san dọ́là mílíọ̀nù 200. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2003, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì ní ìṣẹ́jú-àáyá tí o bá lò ni o máa san. Kò pẹ́ rárá tí àwọn tí wọ́n ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà, iye síìmù sì já wálẹ̀. Owó ìwé àṣẹ wọn kò dín kọ́bọ̀. Ẹni tí ó wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wọn ni ó ṣe é.

Àwa tí a ti ń fi ọgbọ̀n ọdún tajà kò ronú bẹ́ẹ̀ rí. A mọ̀ ọ́n lára, a kò mọ̀ ọ́n lórí.

Apá kejì ọgbọ́n wọn ṣòro jù, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ó dùn jù lójú wa. Ní ilẹ̀ Faransé, ọ̀mọ̀wé méjì kan wà, Jean-Jacques Laffont àti Jean Tirole. Ní ọdún 2000, wọ́n tẹ ìwé kan jáde lórí bí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ṣe ń bá ara wọn díje. Laffont kú ní 2004. Tirole gba ẹ̀bùn Nobel ti ètò ọrọ̀-ajé ní 2014, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí bí a ṣe lè kó àwọn ilé-iṣẹ́ alágbára níjàánu. Ohun tí wọ́n rò nìyí. Bí a bá fi tẹlifóònù ilé-iṣẹ́ kan pe ẹni tí ó wà lórí ti ilé-iṣẹ́ mìíràn, ìpè náà kò lè dé bí kò ṣe pé ilé-iṣẹ́ kejì bá wa gbé e dé etí ẹni tí à ń pè. Owó ni yóò gbà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́ fún iṣẹ́ yẹn. Èló?

Ẹ fojú inú wo ọjà méjì, tí alááàrù ọjà kọ̀ọ̀kan kò jẹ́ kí alááàrù ọjà kejì fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ wọn. Bí a bá gbé obì dé ẹnu ọ̀nà, àfi kí alááàrù tibẹ̀ gbé e wọlé. Ọjà náà ìbáà kéré, ìbáà tóbi, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó ní, ẹni tí ó wà níbẹ̀ ni yóò dá owó. Bí ọjà kan bá tóbi tí èkejì kéré, èyí tí ó tóbi lè béèrè owó tí yóò mú kí ti kékeré kú pátápátá, nítorí kò sí ẹni tí yóò fẹ́ gbé inú ọjà tí kò lè gbé ẹrù rẹ̀ dé ibi tí èrò pọ̀ sí. Bí àwọn méjèèjì bá sì tóbi bákan náà, wọ́n lè fi ẹnu kò pé kí owó alááàrù wọ́n níhà méjèèjì. Kò ní dùn wọ́n, nítorí ohun tí èyí san fún èkejì ni èkejì yóò san padà. Àwa tí a ní ẹrù ni yóò dùn. Ìdí nìyí tí Laffont àti Tirole fi fi hàn pé a kò lè fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn kí wọ́n máa dá a láàárín ara wọn. Ó yẹ kí ẹnìkan tí kì í ṣe alááàrù, tí kì í sì í ṣe ẹlẹ́rù, ṣírò ohun tí iṣẹ́ náà ń náni gan-an.

Ohun tí NCC ti ń ṣe láti 2003 nìyẹn. Láti ìgbà dé ìgbà, wọ́n ń gbé owó náà wò, ó sì ń lọ sílẹ̀. Nígbà tí ó fi di 2018, wọ́n fi í sí náírà 3 àti kọ́bọ̀ 90 fún ìṣẹ́jú kan, wọ́n sì jẹ́ kí àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé gbà tó náírà 4 àti kọ́bọ̀ 70, kí wọ́n lè rí ẹsẹ̀ dúró.

Ẹ̀yin tí ẹ rántí àsìkò agbòòrùn, tí à ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ ta ìpè, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ìtàn. Láti 2003 sí 2008, àwa olóbì ní agbòòrùn méjì ní òpópónà wa, àwọn ìyàwó wa ni ó ń jókòó níbẹ̀. Tẹlifóònù mẹ́ta ni ó wà lórí tábìlì kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe fáàrí. Láti ilé-iṣẹ́ kan sí ara rẹ̀ rọ̀jú, láti ọ̀kan sí èkejì wọ́n bí ojú, nígbà mìíràn kò tilẹ̀ ní wọlé. Ní ọdún kan, a fẹ́ fi obì ránṣẹ́ sọ́jà kí ọdún Iléyá tó dé. Odidi ọjọ́ méjì ni a fi pe oníbàárà wa ní Ṣàgámù, tí wọ́n ń sọ fún wa pé ọ̀nà dí. Lórí ilé-iṣẹ́ mìíràn ni ó wà. Nígbà tí a fi rí i bá sọ̀rọ̀, àwọn ará Kàtínà ti rà á tán. A kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà níhìn-ín. Wọ́n lè wà lára àwọn tí yóò fi ìpolówó sínú ìwé ìfilọ́lẹ̀ wa lọ́dún tí ń bọ̀.

Ní 2013 ni nǹkan méjì ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kẹrin, NCC fọwọ́ sí i pé ènìyàn lè gbé nọ́ńbà rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́ kan lọ sí òmíràn. Ẹ̀yin ọlọ́jà mọ iye tí nọ́ńbà jẹ́. Ara ìsọ̀ ni. Wọ́n tún kéde pé MTN ti lágbára jù nínú ọjà ìpè ẹnu, nítorí ó tó 44 nínú 100 tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n sì ní kí iye ìpè láti MTN sí MTN àti láti MTN sí ilé-iṣẹ́ mìíràn di ọgbọọgba. Inú bí díẹ̀ nínú wa nígbà náà. A ní kí ló kan ìjọba, bí ẹnìkan bá fẹ́ ta ìpè ní pọ́ọ́kú fún àwọn ènìyàn rẹ̀?

Àlàyé tí ọmọ wa ṣe nìyí. Bí ìpè láàárín ilé-iṣẹ́ ńlá bá rọ̀jú, tí ti ìta rẹ̀ wọ́n, ìyàwó rẹ yóò lọ síbẹ̀ nítorí ìwọ wà níbẹ̀, oníbàárà rẹ yóò lọ síbẹ̀ nítorí ìyàwó rẹ wà níbẹ̀, títí ti ilé-iṣẹ́ kékeré yóò fi gbófo, kì í ṣe nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ burú. Lẹ́yìn tí ó bá ti lọ tán, ta ni yóò wá dí ẹni ńlá lọ́wọ́ láti gbé owó gorí? Ó ní àwọn onímọ̀ yìí kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má tóbi. Títóbi kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni ọ̀nà tí ó gbà tóbi, àti bóyá ó ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ṣé gbogbo rẹ̀ wá dára tán? Kò rí bẹ́ẹ̀. Tẹlifóònù alágbèéká ti NITEL ti kú, NITEL fúnra rẹ̀ sì ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn ní 2015. Etisalat tí ó wọlé ní 2008 di 9mobile ní 2017, ó tún di T2 ní 2025. Ní ọdún 2025 yẹn, MTN àti Airtel nìkan ni ó ní ju 80 lọ nínú 100 gbogbo ìlà tẹlifóònù. Ní oṣù kìíní ọdún náà, àwọn ilé-iṣẹ́ ní kí NCC jẹ́ kí àwọn fi 100 kún 100 owó wọn. NCC ní kí wọ́n má kọjá 50. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bínú, àwa náà bínú. Ṣùgbọ́n kí á sọ tòótọ́, àwa tí à ń ra dísù fún jẹnẹrétọ̀ mọ ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ sí iye dísù, a sì mọ ohun tí náírà ti dà láti 2023. Ẹni tí ó gbé obì dé Kánò lónìí kò lè tà á ní iye 2013. Ohun tí ó ń kọ wá lóminú kì í ṣe pé owó gòkè lẹ́ẹ̀kan. Bí ilé-iṣẹ́ méjì ṣe kó ọ̀pọ̀ jù ọjà náà sọ́wọ́ ni.

Wàyí o, a dé ibi tí ó nira fún wa láti sọ. Àwa olóbì jókòó lórí rẹ̀ ní ìgbà mẹ́ta kí a tó gbà pé kí ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀dọ́kùnrin kan láàárín wa, ọmọ wa, tí a mọ bàbá rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí ta obì ní iye tí ó kéré sí iye tí ẹgbẹ́ olóbì fẹnu kò lé. Kò jí obì náà. Òun ni ó fi tẹlifóònù rẹ̀ wá àwọn àgbẹ̀ kan rí tí a kò mọ̀, ó ń rà á tààrà lọ́wọ́ wọn, ó sì ń gba èrè díẹ̀ lórí rẹ̀ kí ó lè yá tà. Àwọn oníbàárà Haúsá wa tò sí ìsọ̀ rẹ̀. A pè é. A ní kí ó fi owó kún un. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, mo ń jèrè, kí ni mo ṣe?" A ní àfojúdi ni. A kó àga rẹ̀ jáde, a ti ìsọ̀ rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, a sì sọ fún àwọn alááàrù kí wọ́n má gbé ẹrù rẹ̀. Nígbà tí oṣù mẹ́ta fi pé, obì tí ó wà nínú ìsọ̀ náà ti di ilé kòkòrò. Ó kó lọ sí Kàdúná.

Nígbà tí à ń bá ọmọ wa obìnrin sọ̀rọ̀ alááàrù àti ẹnu ọ̀nà, tí à ń mi orí pé àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù burú, ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó dárúkọ ọ̀dọ́kùnrin yẹn. Kò sọ nǹkankan mọ́.

Kì í ṣe pé gbogbo wa gbà lẹ́ẹ̀kan náà o. Bàbá tí ó dàgbà jù nínú wa ní ẹgbẹ́ kì í ṣe fún iye nìkan. Ẹgbẹ́ ni ó ń rí i pé a kò da obì oníkòkòrò mọ́ èyí tí ó dára, ẹgbẹ́ ni ó ń sìnkú, ẹgbẹ́ ni ó ń gba ẹni tí gbèsè bá wọ̀ lọ́rùn sílẹ̀. Òótọ́ ni ó sọ. Ọmọ wa ní NCC náà ń wo bí ohùn ṣe ń dún àti bí ìpè ṣe ń wọlé, kò sì sí ẹni tí ó bá a wí fún un. Kí a ṣọ́ ọjà kí ó dára, ìyẹn yàtọ̀. Kí a fẹnu kò lórí iye, kí a sì ti ìsọ̀ ẹni tí ó kọ̀, ìyẹn ni òfin kọ̀. Òfin náà wà. Ti 2018 ni wọ́n ń pè é, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí i ní oṣù kìíní 2019, àjọ tí ń bójú tó ìdíje àti ẹ̀tọ́ oníbàárà, FCCPC, ni ó wà nídìí rẹ̀. Kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ńlá nìkan ni ó mú, ó mú ẹgbẹ́ ọlọ́jà pẹ̀lú. Ní 2024, àjọ náà bá àwọn ẹgbẹ́ ọjà sọ ọ́ lójúkojú.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbẹ̀rù òfin ni ó mú wa sọ ọ́. Àwa tí à ń gbé ní ìlú onílùú, tí a mọ bí ó ti rí nígbà tí wọ́n bá sọ fún ènìyàn pé kò sí ààyè fún un, ni ó ṣe irú èyí sí ọmọ ara wa.

Ní oṣù tó kọjá, a rán ẹni méjì lọ sí Kàdúná. A mú kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ náà dání. Ó gbà wá ní àlejò, ó fún wa lóúnjẹ, ó ní òun yóò rò ó. A kò rí èsì títí di òní. Ìyá rẹ̀ jókòó ní ìlà kẹta, lápá ọ̀tún mi. Ẹ̀gbọ́n wa ni wọ́n, gbogbo yín mọ̀ wọ́n. A ti lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn nílé. A tún ń tọrọ rẹ̀ níhìn-ín lójú gbogbo Yorùbá Kánò: ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ má bínú.

Owó tí àwa olóbì mú wá fún ìfilọ́lẹ̀ gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ wà lọ́wọ́ akápò. A kò ní ka iye rẹ̀, nítorí kò tó bí a ti fẹ́. A fẹ́ bẹ ẹgbẹ́ kí a yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ fún ọmọ kan, ọkùnrin tàbí obìnrin, tí ó bá fẹ́ kọ́ irú ìmọ̀ ọrọ̀-ajé tí a ń sọ yìí. Gbogbo ọmọ wa ni ó ń fẹ́ di dókítà tàbí lọ́yà, ó dára, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò bá wa jókòó sórí àpò obì kí ó bi wá ní ìbéèrè kò pọ̀. Bí ọmọ náà bá gboyè tán, kí ó wá sí ìsọ̀ wa lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Obì rẹ̀ wà níbẹ̀.